Kọ́ọ̀bù Olówùú Pupa

Ohun tí Onídìrí fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kò ju pé ó ní kí wọ́n bá òun ka ìwé lọ. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún ìpara ni. Orí Tíṣà, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, wà láàrin orúnkún rẹ̀. Apá ọ̀tún ti dì tán, apá òsì ṣì dúró gbágbá bí oko tí wọn ò tíì ro. Aránṣọ tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí kó kan òun. Ìgbà náà ni Jẹ́jẹ́, ọmọbìnrin Onídìrí, wọlé pẹ̀lú àpòòwé funfun kan lọ́wọ́ àti àpò pẹlẹbẹ ńlá kan lábíyá.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ilé-ìwé gíga kan lókè òkun ti gbà á pé kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ tí kì í fi í bàjẹ́. Gbogbo ìwé tí àwọn tó ń fúnni ní físà béèrè ló ti pé nínú fáìlì aláwọ̀ ewé tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹyọ kan ló kù: ìwé láti ilé àyẹ̀wò tí àwọn fúnra wọn yàn, pé ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn kò ní ikọ́ ife. Tí ìwé yẹn bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ọ̀la ni wọ́n máa kó fáìlì náà lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni físà máa ń gbà kó tó jáde. Bí oṣù tó ń bọ̀ bá sì fi lè parí tí Jẹ́jẹ́ ò tíì gúnlẹ̀ sílé-ìwé ọ̀hún, ààyè rẹ̀ di ti ẹlòmíì. Ọ̀sẹ̀ méje ló kù. Gbogbo ilé ló mọ ọjọ́ náà sórí, títí dórí ìyá àgbà tí kì í rántí ọjọ́ tí wọ́n bí òun.

"Ó ti dé!" Onídìrí pariwo. "Ìwé ti dé! Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bá mi kà á, ọwọ́ mi ò mọ́."

"Màámi," Jẹ́jẹ́ ní, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọlé."

"Ká wọlé lọ ṣe kí ni? Ṣé ohun ìtìjú ni? Fún wọn. Tíṣà, ẹ kà á sókè dáadáa, kí Aránṣọ náà gbọ́."

Jẹ́jẹ́ ò fún un. Tíṣà ló na ọwọ́ gbà á. Ó kà á bó ṣe ń kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ń ka èdè olóyìnbó, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ohùn rara. Orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà ìwé ìrìnnà. "Wọ́n ní àwọn rí òjìji... lápá òkè ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì..." Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. "Wọ́n ní àwọn fura... pé ó lè jẹ́..." Ó dákẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Gbogbo wọn ti rí ẹnu rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe bíi kó pè é, *ikọ́ ife*, ìgbà tí kò sì rí ibi tó máa gbà, ó pè é.

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀.

Tíṣà dìde lórí ìjókòó. "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé nǹkan sórí iná nílé."

"Orí yín ńkọ́, Tíṣà? Ìdajì ló kù."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná." Ó fi gèlè di orí náà, ẹ̀gbẹ́ kan pẹlẹbẹ, ẹ̀gbẹ́ kejì wú gọngọ, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Obìnrin yìí kan náà ló sọ nígbà tó ń jókòó pé òun ò tíì dáná láti àná.

Aránṣọ ní tirẹ̀ ò parọ́. Ó fa etí ìró rẹ̀ bo imú. "Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mọ̀ pé mo ní ọmọ kékeré nílé." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ó lọ, kò sì kí Jẹ́jẹ́ tó kọjá lára rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí aago mẹ́wàá fi máa lù, wọ́n ti ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń pọn omi pé ọmọ Onídìrí ń pọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó di mọ́kànlá, ó ti ń pọ̀ ọ́ láti ọdún tó kọjá, ìyá rẹ̀ ló fi pamọ́, òun ló sì ń fi ìpara irun pa òórùn rẹ̀. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ikọ́ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀!

Ìyá àgbà, tó bí bàbá Jẹ́jẹ́, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti yàrá ẹ̀yìn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dìde, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí àpótí òwú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó já òwú pupa kan gígùn, ó sì padà sí ilé ìdáná. Nígbà tí Onídìrí máa fi bá a níbẹ̀, ó ti so òwú náà mọ́ ọwọ́ kọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé tí Jẹ́jẹ́ fi ń mu tíì, ó sì gbé e sórí fèrèsé lọ́tọ̀.

"Màmá, kí lẹ so mọ́ kọ́ọ̀bù ọmọ mi?"

"Òwú ni. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi mumi."

"Òwú mi! Nínú àpótí mi lẹ ti mú un!"

"Ṣé kí n lọ sọ́jà lọ ra òmíì ni, ìyàwó?"

"Màmá, ẹ tú u. Ẹ bá mi tú u. Bí àwọn ará ìta bá ń sá fún ọmọ mi, ṣé inú ilé náà ló máa ti wá bẹ̀rẹ̀?"

"Èmi ni mo fi ọwọ́ mi tẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sínú ilẹ̀," ìyá àgbà dá a lóhùn. "Ikọ́ yìí kan náà ni. Kọ́ọ̀bù kan náà la fi ń mumi títí tí wọ́n fi sọ fún wa. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí ju ẹ̀mí mi lọ, ṣùgbọ́n ìwé ti sọ̀rọ̀."

Ìwé ti sọ̀rọ̀. Ohun tó ń bí ènìyàn nínú nìyẹn. Ọmọ náà dúró síbẹ̀ lójú wọn, ara rẹ̀ le koko, ó ń mí bí gbogbo ayé ṣe ń mí, kò sì sẹ́ni tó bi òun fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan. Ìwé ni wọ́n ń bi.

Onífọ́tò, bàbá Jẹ́jẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Wọ́n ti sọ fún un ní ìlọ́po mẹ́ta kó tó sọdá. Bó ṣe wọlé ló ti ń sọ̀rọ̀.

"Ṣebí mo ti ń wí! Èéfín irun tí o ń fi àbẹ́là jó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ibòmíì ló ń lọ ni? Imú ọmọ ló ń gbà wọlé!"

"Èéfín mi? Bàbá Jẹ́jẹ́, èéfín tèmi lẹ rí? Omi olóòórùn tó wà nínú yàrá òkùnkùn yín ńkọ́? Ta ló ń bá yín fọ fíìmù níbẹ̀ láti ìgbà tó ti tó ẹgbẹ́ tábìlì? Tó bá jáde, omi ló máa ń dà lójú rẹ̀!"

"Omi ojú àti ikọ́, ṣé nǹkan kan náà ni?"

"Èmi ni kí ẹ bi? Ẹ bi omi yín!"

Wọ́n sọ ọ́ títí tó fi kan owó tí wọ́n san fún ilé-ìwé, tó kan ẹni tó kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí ọmọ lọ sókè òkun, tó tún kan àbúrò Onífọ́tò tó jẹ ìgbéyàwó wọn ní gbèsè àga mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fi gbóòórùn, ẹ̀wà tó wà lórí iná ti jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́ kalẹ̀. Ó da omi sí i, ó mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

"Mi ò wúkọ́," ó sọ ọ́ sínú ìkòkò. "Ṣé ẹnì kan gbọ́ kí n wúkọ́ rí nínú ilé yìí?"

 Onífọ́tò mú àpò pẹlẹbẹ ńlá tí fọ́tò àyà ọmọ náà wà nínú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní ohun tí wọ́n fi ń dá òun lágara yìí, òun máa fi ojú ara òun rí i. Ó sọdá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Àpótí oníná kan wà níbẹ̀ tí gíláàsì funfun bò lójú, èyí tó fi ń wo fíìmù láyé ìgbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń ya fọ́tò oní-fíìmù. Ó nu eruku ojú rẹ̀, ó tan iná, ó gbé fọ́tò àyà ọmọ rẹ̀ lé e.  Ó rí egungun ìhà ọmọ rẹ̀ tó tò tẹ̀lé ara wọn, ó rí òjìji ọkàn rẹ̀. Lókè, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó rí àwọn ìlà funfun náà, wọ́n ga, wọ́n gùn, bí okùn. Ó wò wọ́n. Ó wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ogójì ọdún ló fi wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun tó wà nínú ara ẹni tí wọ́n yà àti ohun tó ṣèèṣì já lé fíìmù, ó mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí ìyá ìbejì ṣe ń mọ ọmọ rẹ̀.

Àwọn ìlà náà ò dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n gba orí egungun èjìká kọjá, wọ́n bọ́ sí ọrùn, ọ̀kan tilẹ̀ yà síta kúrò lára pátápátá, ó wà nínú afẹ́fẹ́. Àrùn wo ló ń jáde kúrò lára ènìyàn tí á lọ máa gba atẹ́gùn? Ó mú awò tó fi ń wo nǹkan kékeré, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú. Nínú okùn kọ̀ọ̀kan, ó rí ìdì mẹ́ta tó ń gba ara wọn kọjá, ọ̀tún lé òsì, òsì lé ọ̀tún.

Ariwo rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé òdìkejì títì kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. "Ìyá Jẹ́jẹ́! Irun ni! Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, irun ni!"

Onídìrí ò fẹ́ gbà á gbọ́, ẹ̀rù ń bà á láti gbà á gbọ́. Òun àti Jẹ́jẹ́ sọdá, ó sì tẹ̀ síwájú àpótí náà pẹ̀lú ọwọ́ oníyẹ̀fun, nítorí ó ti fẹ́ máa po nǹkan míì rọ́pò ẹ̀wà. Ó wò ó pẹ́. Onídìrí mọ ìdì ara rẹ̀ bí akọ̀wé ṣe mọ ìfọwọ́sí rẹ̀. Ó fi ìka kà á lórí gíláàsì. Lápá òsì, mẹ́fà. Lápá ọ̀tún, méje. Lẹ́yìn náà ló yí Jẹ́jẹ́ padà, ó sì ka èyí tó wà lórí rẹ̀. Mẹ́fà. Méje. Àtáṣímẹ́ǹtì, irun àfikún, ló tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń dì í, ó sì ní kò sóhun tó burú, ta ló máa ka irun orí ọmọ olómọ?

Odindi ọ̀sán kan ló fi dì í, ó ki, ó gùn dé àyà, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ òun dé àárín àwọn àlejò kó dà bí ọmọ tí kò ní ìyá. Bàbá náà kò sì jókòó lásán. Ìlànà fọ́tò físà ní kí etí méjèèjì hàn, kí irun má kan ojú. Òun ló kó gbogbo irun náà sẹ́yìn èjìká ọmọ kó tó yà á. Bẹ́ẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ṣe fi ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sílé àyẹ̀wò ní ọjọ́ kan náà, irun ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe tò ó.

"Kí ni ẹni tó ya àyà rẹ sọ fún ọ?" Onífọ́tò bi í.

"Ó ní kí n bọ́ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn. Mo bọ́ wọn."

"Irun ńkọ́?"

"Kò sọ ti irun."

Onídìrí bú sẹ́kún, ó tún bú sẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ìyẹ̀fun sì ń kùn ún. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a!" ó ní. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ, kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ilé àyẹ̀wò ní nǹkan bí aago kan. Àga oníke tò lọ bẹẹrẹ, ènìyàn kún orí wọn, kálukú gbé fáìlì lé itan. Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n dá ihò kékeré sí láti máa gbẹnu sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kí ohùn rẹ̀ tó wọlé. Onífọ́tò ga. Ó tẹ̀ ba.

"Ìyáàfin, ẹ kú iṣẹ́. Àṣìṣe kékeré kan ló ṣẹlẹ̀. Ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò ọmọ mi, kì í ṣe àrùn. Irun ni." Ó gbé fọ́tò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń fi ìka tọ́ka. Gbogbo orí tó wà lórí àga ló yí síbẹ̀.

Obìnrin náà ò wò ó. "Bàbá, ṣé dókítà ni yín?"

"Rárá o. Onífọ́tò ni mí."

"Dókítà ló ka fọ́tò yìí."

"Ó dára. Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Kò sí níbí. Lọ́hùn-ún, nílùú tí wọ́n ń lọ, ni wọ́n ti ń kà á. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń fi ránṣẹ́."

"Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí i pé irun ni."

Ó wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ nǹkan, ó tún tẹ nǹkan. Kò ṣe é bíi ẹni tó ní ìkà nínú. Bíi ẹni tó ń wá àyè ni. "Kò sí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí," ó ní. "'Ó mọ́' ló wà níbí, 'a fura' ló sì wà níbí. Kò sí 'irun'."

"Ẹ tún un yà nígbà náà," Onídìrí fi orí ti ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. "Ẹ tún un yà báyìí. Mo máa tú gbogbo rẹ̀ níbí, ojú yín ni mo máa ti tú u."

"A lè tún un yà, Ìyá, ẹ ó san owó òmíì. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́. Ẹni tí a bá ti fura sí gbọ́dọ̀ mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. A ó tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ká fi wò ó bóyá kòkòrò máa hù níbẹ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ! Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí ilé-ìwé tìlẹ̀kùn! Físà fúnra rẹ̀ ń gba mẹ́ta!"

"Ìyẹn ò kan ọ̀dọ̀ tiwa."

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wo ni kó sì mú wá? Ọmọ tí kò wúkọ́!"

"Kó gbìyànjú, Ìyá. Kó tètè jí, kó fi agbára wúkọ́, nǹkan á jáde."

Ẹ gbọ́ o. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá, wọ́n ní kó lọ máa wúkọ́, kí àwọn lè mọ̀ pé kì í wúkọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìdílé yìí ni wọ́n ti fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n mú ìwé ọjọ́ ìbí wá, wọ́n mú un wá. Wọ́n ní kí bàbá kó ìwé báńkì oṣù mẹ́fà kalẹ̀ kí àlejò máa ka ohun tó ń jẹ, ó kó o kalẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí òun bá kàwé tán òun á padà sílé, bíi pé wọ́n ń gba ìbúra lẹ́nu olè, ó kọ ọ́. Nígbà tó kù díẹ̀, wọ́n ní kó ṣí àyà rẹ̀ fún àwọn wò, ó ṣí i. Irun ìyá rẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n pè é ní àrùn, ẹni tó sì ni irun ló tún máa sanwó kó tó lè fi hàn wọ́n pé irun ni irun. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Obìnrin náà ti ihò gíláàsì na ìwé kan jáde. "Ẹ má fi mí sí i, Bàbá. A ti sọ fún wọn. Ìlànà kọkànlá: kí ẹni tó bá ní irun gígùn dì í sókè orí. Ẹ wò ó, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i."

Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn ìwé, kínńkínní, lédè olóyìnbó, láàrin ti ẹni tó lóyún àti ti ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sí. Ìfọwọ́sí Jẹ́jẹ́ wà nísàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

"Ojú ewé tó gbẹ̀yìn nìkan lẹ fún mi," Jẹ́jẹ́ ní. "Ẹ ní kí n ṣe kíá, pé èrò pọ̀."

Obìnrin náà pe ẹni tó kàn.

Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò àyà jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Jẹ́jẹ́ ló dá a mọ̀. Òun náà dá irun náà mọ̀. Ó gbé ojú kúrò, ó tún gbé e padà. "Bàbá," ó rọra sọ, "irun ni. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn lẹ́yìn tí mo yà á tán."

"O rí i?"

"Èèyàn bí ogójì ló ṣì ń dúró dè mí. Mo ní àwọn tó ń kà á máa mọ̀ ọ́n. Tiyín kọ́ ló máa jẹ́ àkọ́kọ́."

"Ọmọ mi, dìde, wá sọ ohun tí o sọ yìí fún wọn nínú ilé."

Ọkùnrin náà ń wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀. "Mo ní ìyàwó, Bàbá. Mo ní ọmọ méjì."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà. Onífọ́tò dúró síbẹ̀, kò bú u.  Onídìrí kàn ń wo ọkùnrin náà títí tí ìyẹn fi fi búrẹ́dì rẹ̀ sápò tó sì dìde kúrò níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti fi fóònù kọ̀wé sí ilé-ìwé náà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí irun títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èsì dé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n bá a kẹ́dùn gidigidi. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ààyè pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó tún kọ̀wé wá lọ́dún tó ń bọ̀, bó bá wù ú, àwọn á gbé e yẹ̀ wò bíi ti gbogbo ènìyàn. Ó ka èsì náà fún àwọn òbí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pa fóònù, ó kọjú sí fèrèsé. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi délé.

Inú ti bí Onífọ́tò débi pé kò lè jókòó. Ó lọ yọ fọ́tò ìyàwó àti ọkọ tó wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé àpótí oníná síbẹ̀, ó tan án, ó gbé fọ́tò àyà ọmọ rẹ̀ lé e kí gbogbo títì rí i. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: IRUN NI. Àwọn ènìyàn dúró wò ó lóòótọ́. Wọ́n pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn na ìka mọ́ gíláàsì, ó ń fi han ẹnì kejì rẹ̀: "Ṣé o rí ibi tó funfun yẹn? Ibẹ̀ gan-an ni ikọ́ náà ti ń jẹ ẹ́." Ẹlòmíì ní ó mà burú o, pé bàbá kan lè máa fi àrùn ọmọ rẹ̀ polówó ọjà. Onífọ́tò gbọ́ ọ láti inú ilé, ó sì na ọwọ́, ó pa iná náà.

Tíṣà kọjá. Ẹlòmíì ti bá a parí orí rẹ̀. Láti òdìkejì títì, Onídìrí rí i pé apá òsì ò bá apá ọ̀tún mu, ìlà rẹ̀ ti wọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ míì ni, ì bá pariwo rẹ̀ kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní kí Jẹ́jẹ́ wá jókòó láàrin orúnkún òun, níbi tí Tíṣà jókòó sí láàárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kò lo bíléèdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíléèdì ni ì bá yá jù. Mẹ́fà, lẹ́yìn náà méje. Àtáṣímẹ́ǹtì di òkìtì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ọwọ́ mi ni," ó ní. "Ọwọ́ mi yìí ni."

"Kì í ṣe ọwọ́ yín, Màámi."

"Bí mo bá jẹ́ kí o lọ pẹ̀lú orí lásán, o ò bá ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́."

"Màámi, wọ́n rí i pé irun ni. Wọ́n kàn ò ní ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí ni."

Nígbà tó tú u tán, ó dìde lọ sílé ìdáná. Ó mú kọ́ọ̀bù tó wà lórí fèrèsé, ó fi eyín tú òwú pupa náà, ó jù ú sórí òkìtì irun. Ó fọ kọ́ọ̀bù náà, ó dà á pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n rà wọ́n. Nígbà tó fi máa yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ, òun alára ò mọ èyí tó jẹ́ ti Jẹ́jẹ́ mọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyá àgbà ń wò ó. "Mo ṣìwà hù láàárọ̀," ni ìyá àgbà sọ. "Wọ́n ti sọ fún mi pé irun ni. Ẹ forí jì mí." Onífọ́tò ní kò sí nǹkan, Màmá, ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n jẹ. Onídìrí ti fi ìbínú gún ata náà, ó ta ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sẹ́ni tó ṣàròyé. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń mumi, Onífọ́tò ń sọ bí òun ṣe máa kọ̀wé ẹ̀sùn sí ọ̀gá àwọn tó ni ilé àyẹ̀wò, àti sí ọ̀gá ọ̀gá wọn, bí òun ṣe máa fi fọ́tò náà kún un, tí wọn ò ní lè sọ pé àwọn ò rí i. Jẹ́jẹ́ bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ata náà gba ibi tí kò yẹ lọ. Ó wúkọ́.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, omi dà lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn dúró lẹ́nu Onífọ́tò. Ìyá àgbà gbé ojú rẹ̀ lé kọ́ọ̀bù ọwọ́ rẹ̀, ó ń yí i wò. Onífọ́tò, tó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé irun ni, tó fi awò wò ó, tó ti sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, rọra gbé kọ́ọ̀bù tirẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Onídìrí náà ń wo àwọn kọ́ọ̀bù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. 

Jẹ́jẹ́ nu ojú rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ níbi òkìtì irun tí wọ́n tú sílẹ̀, ó wá òwú pupa náà kàn láàrin rẹ̀. Ó padà sídìí oúnjẹ, ó so ó mọ́ ọwọ́ kọ́ọ̀bù tó wà níwájú rẹ̀, ó fa kókó rẹ̀ le, ó sì mu omi tó kù níbẹ̀.